Rimless tó ń sán níbi ihò: lẹ́ǹsì wo ló máa pẹ́ lójú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣúrùlérè ni mò ń gbé, Márínà ni ibi iṣẹ́ mi wà. Awò rimless, irú tí kò ní férémù yíká lẹ́ǹsì, ni mò ń lò, ojú ọ̀tún −3.75, ojú òsì −4.25. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, lẹ́ǹsì òsì ti sán lẹ́ẹ̀mejì. Ihò síkúrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ló ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, bẹ́ẹ̀ n kò jókòó lé e, kò sì jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù kan ní kí n ra lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ike polycarbonate ṣe torí pé kì í fọ́. Èkejì ní lẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní 1.74 ló dáa jù torí pé ó fẹ́lẹ́. Ẹ̀kẹta dárúkọ ike míì, Trivex, owó rẹ̀ sì ga. Èwo nínú wọn ló máa pẹ́? Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, náà ń bẹ̀ mí pé irú rẹ̀ lòun fẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Owó lẹ́ǹsì ẹ̀ẹ̀mejì kì í ṣe owó kékeré. Trivex ni kí ẹ rà. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ gba 1.60 tí wọ́n fi ike MR-8 ṣe. Polycarbonate dáa gan-an nínú awò tó ní férémù yíká, ṣùgbọ́n nínú rimless ó ní àléébù kan tí ẹni tó ń tà á kì í sábà sọ. Ẹ má gba 1.74 rárá fún awò tí wọ́n máa lu ihò sí. Ọmọ yín kò sì gbọdọ̀ tíì wọ rimless. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, màá sì sọ ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ nínú iṣẹ́ ẹni tó máa gé e, torí pé lẹ́ǹsì tó dáa jù láyé, bí wọ́n bá lù ú ní ìlùkulù, á sán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣe tiyín. Bí awò bá ní férémù yíká, férémù ló ń ru ìyà. Ẹ fi ọwọ́ kan fà á kúrò lójú, férémù ló máa tẹ̀. Lẹ́ǹsì kàn jókòó sínú rẹ̀ ni. Rimless kò ní ibi tó máa gbé ìyà yẹn sí. Irin orí imú àti apá awò méjèèjì, ara lẹ́ǹsì gan-an ni wọ́n dè wọ́n mọ́, ní ihò mẹ́rin, tàbí mẹ́jọ bó bá jẹ́ irú tó ń lo píìnì méjì-méjì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́, tí ẹ bọ́ ọ, tí òógùn mú kó yọ̀ tí ẹ sì fi ìka tì í sókè, agbára yẹn ń já sí ẹnu ihò kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 1.4 lọ.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ imú? Lẹ́ǹsì ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa, tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ ní àmì − bíi tiyín, máa ń fẹ́lẹ́ láàárín, ó sì ń nípọn bó ṣe ń lọ sí bèbè. Ibi tó fẹ́lẹ́ jù yẹn gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan ẹyinjú yín, ẹyinjú èèyàn sì sábà máa ń sún mọ́ imú ju àárín lẹ́ǹsì lọ. Nítorí náà, bèbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú kì í nípọn tó èyí tó kọjú sí etí. Ihò tó wà níbi tó fẹ́lẹ́ yìí náà ni irin imú máa ń lọ́ nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ kan ṣoṣo bọ́ awò. Sísán náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí irin dírìlì bá ń yọ lẹ́yìn lẹ́ǹsì, ó lè ṣẹ́ èérún kan tí kò tó hóró iyanrìn níbi ẹnu ihò. Ibi tó ṣẹ́ yẹn ni ìlà tín-ín-rín ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan lábẹ́ wọ́ṣà tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i, bí aṣọ tí wọ́n fi abẹ́ ya létí, tí kò tún nílò agbára púpọ̀ kó tó fàya. Lọ́jọ́ tó máa là, ẹ lè máà ṣe ju pé ẹ nu ún lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "kì í fọ́" fi ń ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà. Ìdánwò tí òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ṣe fún lẹ́ǹsì lásán ni pé kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù irin kékeré kan, tó fẹ̀ tó mìlímítà 16 tó sì wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 16, láti òkè mítà 1.27 sórí ojú lẹ́ǹsì, kó má sì fọ́. Ti awò ààbò àwọn òṣìṣẹ́ le ju ìyẹn lọ: wọ́n á yin bọ́ọ̀lù irin mìlímítà 6.35 lù ú ní eré mítà bíi 45 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á sì tún ju irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó onígíráàmù 500 sórí rẹ̀ láti mítà 1.27. Ìdánwò gidi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú lẹ́ǹsì ni wọ́n ń lù. Wọn kì í lu ihò sí bèbè rẹ̀, kí wọ́n de síkúrù mọ́ ọn, kí wọ́n wá máa tì í síwá sẹ́yìn fún ọdún méjì. Lẹ́ǹsì lè yege nínú gbogbo rẹ̀, kó sì sán lójú yín nínú ọkọ̀ BRT.

Polycarbonate gan-an ni àpẹẹrẹ èyí. Hermann Schnell ṣe ike yìí ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì lọ́dún 1953, títí di òní, òun àti Trivex ló ń gba lílù jù nínú àwọn ike tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́ǹsì. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 1.586, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó. Bó bá ṣe ga tó ni lẹ́ǹsì ṣe ń fẹ́lẹ́ sí. Wọ́n máa ń yọ́ ike yìí ni, kí wọ́n tó fi agbára tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dì, ibẹ̀ ló ti máa tutù. Àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn tó para pọ̀ di ike náà kò so mọ́ra wọn, wọ́n kàn lọ́ mọ́ra ni. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó rọ̀, kó tẹ̀ dípò kó fọ́ nígbà tí nǹkan bá bà á. Ìyẹn náà ni àléébù rẹ̀. Bí ibì kan lára rẹ̀ bá wà lábẹ́ ìfúnpọ̀, bíi ẹnu ihò tí síkúrù ń fún mọ́lẹ̀, tí olómi kan tó lè wọ àárín àwọn ẹ̀wọ̀n yẹn wá kàn án, ibẹ̀ á sán láìsí pé ẹnikẹ́ni lù ú. Ẹ ó rí i bí ìlà wẹ́wẹ́ tó tàn yí ihò ká.

Àwọn olómi wọ̀nyẹn kò sì jìnnà sí ilé yín. Acetone tó wà nínú omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ wà lára wọn. Tínà àwọn ọlọ́dà náà wà níbẹ̀. Pẹtiróòlù nìyẹn pẹ̀lú: ẹni tó bá bu epo sínú jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, tí epo ta sí i ní ìka, tó wá fi ìka kan náà ti awò sókè, ibi ihò imú gan-an ló fi epo náà sí. Super glue tí àwọn tó ń tún awò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fi ń de síkúrù tó bá tú, ọ̀tá polycarbonate ni. Kódà gúlù tí wọ́n dìídì ṣe láti máa mú síkúrù irin dúró, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, máa ń sán an. Mo tẹnu mọ́ ọn torí pé ẹni tó ń tún un ṣe á rò pé oore lòun ń ṣe fún yín, síkúrù ò sì ní tú mọ́ lóòótọ́. Lẹ́ǹsì ló máa lọ.

Ṣé wọ́n wá ń lo polycarbonate nínú rimless? Wọ́n ń lò ó, ó sì lè pẹ́ bí wọ́n bá lù ú dáadáa, bí ike bá wà láàárín irin àti lẹ́ǹsì, tí ẹni tó ni ín kò sì jẹ́ kí kẹ́míkà kàn án. Fún ẹni tó ń gbé Èkó tó ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀, èmi ò ní fi í ṣe àkọ́kọ́. Ohun kan tún wà tó kan nọ́ńbà ojú yín. Polycarbonate máa ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Abbe ló ń sọ ìyẹn, bó bá ṣe kéré tó ni àwọ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ti polycarbonate jẹ́ 30, ti Trivex jẹ́ 43 sí 45. Pẹ̀lú −4.25, bí ẹ bá fi ìkángun ojú wo iná ọkọ̀ lórí Third Mainland lálẹ́, ẹ lè rí àwọ̀ búlúù àti pupa létí iná náà.

Trivex, ilé iṣẹ́ PPG ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2001, láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ike tó mọ́ gaara tí yóò máa dáàbò bo àwọn ológun. Wọn kì í yọ́ ọ. Olómi ni wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dì, tó ń fúnra rẹ̀ le díẹ̀díẹ̀ nínú ooru, àwọn ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ sì ń so mọ́ra wọn bó ṣe ń le. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìfúnpọ̀ nínú, acetone kì í bà á jẹ́ bó ṣe ń ba polycarbonate jẹ́, ẹnu ihò rẹ̀ sì máa ń fà díẹ̀ kó sì padà sí ipò nígbà tí síkúrù bá tì í. Ohun tí rimless ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó tún fúyẹ́: sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 1.11, ti polycarbonate jẹ́ 1.20, ti 1.74 jẹ́ 1.47. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe fúyẹ́ tó ni ihò ṣe ń sinmi tó. Ó lè họ o, bíi gbogbo ike, nítorí náà ẹ rí i pé wọ́n fi ìpara líle bo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kàn án ni pé ó nípọn, torí nọ́ńbà rẹ̀ kò ju 1.53 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ojú òsì yín ṣírò rẹ̀. Ká ní lẹ́ǹsì fẹ̀ tó mìlímítà 50, àlàfo imú 18, àárín ẹyinjú yín méjèèjì 62, kí àárín lẹ́ǹsì nípọn tó mìlímítà 2. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kọjú sí etí, bèbè Trivex á tó nǹkan bíi 5.1, ti 1.60 á jẹ́ 4.8, ti 1.74 á jẹ́ 4.3. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, Trivex á tó 3.9, 1.74 á jẹ́ 3.4. Nítorí ìyàtọ̀ tí kò tó mìlímítà kan ni wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ gba lẹ́ǹsì tó máa sán! Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ kó fẹ́lẹ́, ìwọ̀n lẹ́ǹsì ni kí ẹ dín kù. Rimless kò ní férémù tó ń pàṣẹ bí lẹ́ǹsì ṣe máa tóbi tó, wọ́n lè gé e sí ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gé e sí 46 pẹ̀lú irin imú 20, bèbè Trivex yẹn á bọ́ sí nǹkan bíi 4.5. Owó kankan ò sì kún un.

1.60 MR-8, ti Mitsui Chemicals ní Japan, ni mo fi ṣe igbákejì rẹ̀. Kò gba lílù tó Trivex, ṣùgbọ́n ó lágbára níbi ihò, Abbe rẹ̀ jẹ́ 41, ó sì fẹ́lẹ́ díẹ̀ jù ú lọ. Ẹ béèrè MR-8 ní orúkọ, torí pé 1.60 kan wà lọ́jà tí kì í ṣe òun. 1.67 ṣeé lu, kò burú, àmọ́ nọ́ńbà ojú yín kò tíì ga débi tí ẹ fi máa nílò rẹ̀. 1.74 máa ń gan, ó sì wúwo, inú férémù ni ó dáa sí fún ẹni tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ ti kọjá −7 tàbí −8. Gíláàsì gidi, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

CR-39 àti 1.56 ló kù, mo sì fura pé ọ̀kan nínú wọn ni àwọn tó sán yẹn. CR-39 ni ike lẹ́ǹsì àtijọ́, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1.498, ojú rẹ̀ mọ́ ju gbogbo wọn lọ, Abbe 58. Nínú férémù, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ihò ni kò fẹ́, ńṣe ló máa ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu ihò. 1.56 ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn lẹ́ǹsì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní blue cut àti photo. Òun náà máa ń gan níbi ihò. Kì í ṣe pé ó burú, kì í ṣe fún rimless ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ohun tí ẹ sanwó fún ni wọ́n fún yín? Lẹ́ǹsì máa ń dé ṣọ́ọ̀bù nínú àpò ìwé pẹlẹbẹ, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìpara ara rẹ̀ sí i. Ẹ ní kí wọ́n kó àpò méjèèjì fún yín mọ́ rìsíìtì. Bí wọ́n bá ní àwọn ti sọ ọ́ nù, ẹ ti rí ìdáhùn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gé e, 1.60 àti 1.67 máa ń rùn bí imí ọjọ́, ẹni tó bá wà nítòsí ẹ̀rọ á gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ti Trivex ní ìdánwò tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a lè fi omi ṣe kí wọ́n tó gé lẹ́ǹsì. Ẹ da odindi pure water kan, sẹ̀ǹtílítà 50, sínú abọ́. Ẹ da iyọ̀ gíráàmù 125 sí i, ìyẹn ìdajì ọ̀rá onígíráàmù 250, kí ẹ rò ó títí iyọ̀ á fi yọ́ tán. Sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan omi náà á wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 1.15. Ẹ rọra ti lẹ́ǹsì bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi ìka nu afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Trivex á léfòó. Polycarbonate, 1.60, CR-39, 1.56, gbogbo wọn á rì. Ẹ fi omi tútù tó mọ́ ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí ọkàn rẹ̀ mọ́ kò ní bá yín jà nítorí èyí.

Ẹ wá gbọ́ nípa lílu ihò, torí ibẹ̀ ni ìdajì ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó máa gé e forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ODORBN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn optometrist tó ń yẹ ojú wò àti àwọn tó ń ta awò. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá òun fúnra rẹ̀ ló máa lù ú, àbí ó máa fi ránṣẹ́ síta. Láti bèbè lẹ́ǹsì sí ẹnu ihò, ó kéré tán kó tó mìlímítà 2. Níbi tí ihò náà wà, kí lẹ́ǹsì nípọn tó mìlímítà 2. Tiyín á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lo plus, ìyẹn àwọn tí nọ́ńbà ojú wọn ní àmì +, kí wọ́n ṣọ́ra, torí bèbè tiwọn ló ń fẹ́lẹ́, àfi kí wọ́n sọ fún láàbù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Irin dírìlì gbọ́dọ̀ mú. Èyí tó ti kú á máa gbóná, á yọ́ ike dípò kó gé e. Wọ́n á kọ́kọ́ lu ihò kékeré, bíi mìlímítà 1, láti iwájú. Wọ́n á máa fa irin náà jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí èérún lè dà nù kí ooru sì lọ. Bí ẹnu irin bá ti fẹ́ yọ lẹ́yìn, kí wọ́n dúró, kí wọ́n yí lẹ́ǹsì padà, kí wọ́n parí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá lù ú láti iwájú yọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́ èérún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fẹ ihò náà tó síkúrù, kó sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ jù ú lọ. Síkúrù gbọ́dọ̀ wọlé láìsí pé wọ́n tì í. Èyí tí wọ́n bá fi agbára lọ́ wọlé ti gbin sísán síbẹ̀. Kí wọ́n fá ẹnu ihò níwájú àti lẹ́yìn díẹ̀ kó má mú, kí wọ́n sì fá bèbè lẹ́ǹsì yíká náà.

Tí wọ́n bá ń tò ó, ike ni kó kan lẹ́ǹsì, kì í ṣe irin. Ike róbótó kan á wọnú ihò, wọ́ṣà ike á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́ṣà irin, kí nọ́ọ̀tì tó dé e. Ọ̀pọ̀ awò tí wọ́n tún ṣe lójú ọ̀nà ni wọ́ṣà ike rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wá a. Kí wọ́n dè é títí irin ò fi ní mì mọ́, kí wọ́n sì dúró níbẹ̀. Síkúrù tó bá gùn jù, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n gé e kí wọ́n tó dè é tán, torí bí wọ́n bá fi pílíà gé e lára lẹ́ǹsì, ìró "ká" tí ẹ máa gbọ́ yẹn, inú ihò ló ń lọ tààrà. Irú tí kò ní síkúrù, tó jẹ́ píìnì méjì tí wọ́n fi ike tẹ̀ sínú ihò méjì, dáa ju ti síkúrù lọ lójú mi, nítorí ihò méjì ló ń pín agbára náà, kò sì sí ohun tó máa tú. Àmọ́ ó ní pílíà tirẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù yín kò bá ní in, ẹ má rà á.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ lè rí ìfúnpọ̀ tó wà níbi ihò fúnra yín. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí ojú rẹ̀ funfun. Ẹ wọ awò oòrùn tó jẹ́ polarised, kí ẹ máa tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ títí ojú kọ̀ǹpútà á fi ṣókùnkùn. Ẹ wá gbé awò tuntun náà sí àárín, kí ẹ wo ibi ihò. Bí ó bá ṣókùnkùn bíi ti ìyókù, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, ó dáa. Bí ìmọ́lẹ̀ tàbí àwọ̀ bá tàn yí ihò ká, wọ́n ti dè é jù, ẹ ní kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Polycarbonate lè fi àwọ̀ díẹ̀ hàn níbòmíràn lára rẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe ṣe é; ẹ̀bá ihò ni kí ẹ wò.

Nílé, ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ máa fi bọ́ ọ. Ẹ má fi sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sínú oòrùn: ike máa ń fẹ̀ ju ìpara ara rẹ̀ lọ bó bá gbóná, ìpara náà á wá sán wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n. Omi àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣan eruku kúrò, pàápàá nígbà ọyẹ́. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ di irin imú mú kí ẹ rọra mì ín. Bó bá ń mì, ẹ gbé e padà lọ, torí síkúrù tó tú máa ń lu ẹnu ihò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rìn. Òógùn àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti Márínà yẹn máa ń mú kí irin lásán dípẹtà, nítorí náà irin titanium ni kí ẹ mú bí agbára bá gbé e. Bí ẹ bá sì rí ìlà lẹ́nu ihò, kékeré bó ti wù kó rí, kò sí gúlù tó lè dá a dúró.

Lórí ìwé òdérè yín, kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: Trivex, àárín mìlímítà 2, ìpara líle iwájú àti ẹ̀yìn, lẹ́ǹsì 46, wọ́ṣà ike sí ihò kọ̀ọ̀kan, láìsí gúlù. Ó ṣeé ṣe kó má sí lórí àtẹ, kí wọ́n ní kí ẹ dúró ọjọ́ mélòó kan. Ẹ dúró dè é.

Ní ti ọmọ yín, férémù ike yíká ni kí ẹ rà fún un, pẹ̀lú polycarbonate tàbí Trivex tí àárín rẹ̀ tó mìlímítà 2. Níbi tí kò bá sí ihò, polycarbonate máa sìn ín dáadáa, kò sì ní gbówó lórí tó ti màmá rẹ̀. Rimless lójú ọmọ tó ń sáré, bí ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíì bá gbá a, irin imú àti síkúrù wọ̀nyẹn lè já kúrò lára lẹ́ǹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú gan-an. Bó bá ń gbá bọ́ọ̀lù, awò eré ìdárayá tó ní okùn lẹ́yìn orí ni kó máa wọ̀ sí pápá, kí ti ilé ìwé wà nínú àpò rẹ̀.